Bí ẹ ṣe lè ṣètò gbèdéke àwọn àmì ọkàn nínú ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ ọmọ tuntun

Bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọ tuntun, ẹ ó sọ ọmọ tára rẹ̀ le koko di alárùn ọkàn. Lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Roche, 14 ng/L ni gbèdéke òkè fún troponin T àgbàlagbà, ìyẹn èròjà tó ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan ọkàn bá fara pa. Ọmọ tó ké fàà, tó pọ́n dáadáa, tó fa ọmú kí wákàtí kan tó pé, troponin inú ẹ̀jẹ̀ okùn ìwọ́ rẹ̀ lè kọjá iye yẹn, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ti NT-proBNP, èyí tí ọkàn ń tú jáde bí ògiri rẹ̀ bá ń fẹ̀ jù, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti kọjá 125 ng/L lára àgbàlagbà tó wá sí kíníkì, dókítà á ti máa fura sí ọkàn rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ti ọmọ tuntun sábà máa ń jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láàbù, ẹ̀yin agbẹ̀bí àti ẹ̀yin dókítà ọmọdé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá iye tó jẹ́ ti ọmọ tára rẹ̀ dá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀rọ kọ́ ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Yàrá ìgbẹ̀bí ló ti ń bàjẹ́, àti orí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń yan ọmọ. Ohun tẹ́ ẹ bá gbé fún ẹ̀rọ ló máa kà.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ nílò rẹ̀?

Iṣẹ́ ńlá ni. Bí láàbù mìíràn bá ti ṣe é lórí irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti ibi kan náà lára okùn, tí àwọn ọmọ tí wọ́n lò sì jọ àwọn tí wọ́n ń bí lọ́dọ̀ yín, ẹ lè dán gbèdéke wọn wò. CLSI, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn láàbù, là á sílẹ̀ nínú ìlànà EP28-A3c: ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogún tára wọn dá. Bí kò bá ju méjì lọ tó bọ́ sí ìta gbèdéke náà, ẹ lè máa lò ó. Bó bá ju méjì lọ, ẹ gba ogún mìíràn. Bó bá tún ju méjì lọ, ẹ gbàgbé rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe tiyín.

Ní ti troponin I, ẹ má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́kàn lé ọ̀nà yìí àyàfi tí ẹ̀rọ bá jẹ́ ọ̀kan náà gẹ́lẹ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èròjà tirẹ̀, ibi tí èròjà kọ̀ọ̀kan ti ń di troponin I mú kò sì dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ kan náà lè fún yín ní iye méjì tó jìnnà síra lórí ẹ̀rọ méjì.

Yíyan àmì tẹ́ ẹ máa wọ̀n

Troponin T tàbí I, pẹ̀lú NT-proBNP, ti tó fún ọ̀pọ̀ láàbù. Troponin ń sọ bóyá iṣan ọkàn fara pa. NT-proBNP ń sọ bóyá ògiri ọkàn ń fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rí tó wà fi hàn pé àwọn méjèèjì kì í rìn láti ara ìyá kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ bá bá nínú okùn, ti ọmọ ni.

Bẹ́ ẹ bá ń yan láàárín NT-proBNP àti BNP, ìbejì rẹ̀ tó ń jáde láti inú èròjà kan náà, NT-proBNP ni kẹ́ ẹ mú. BNP tètè ń bàjẹ́ nínú túùbù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbẹ̀bí kò lè sáré wá sí láàbù láàárín òru. CK-MB, àmì mìíràn tó ń jáde láti inú iṣan, ńkọ́? Èmi ò ní náwó lé e lórí. Iṣan ara ọmọ tuntun, yàtọ̀ sí ti ọkàn, ní CK-MB tó pọ̀, ìfúnpọ̀ tí ọmọ bá rí lójú ọ̀nà ìbí nìkan sì lè gbé e sókè.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa troponin I. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, irú troponin I tó wà nínú iṣan ara tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ọkàn rẹ̀ ń lò jù. Ó ń fi èyí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irú ti ọkàn sì ń gba ipò rẹ̀ láàárín àwọn oṣù tó tẹ̀ lé ìbí. Ti ọkàn nìkan ni ẹ̀rọ yín ń wò. Ìyẹn ni pé iye tó kéré nínú okùn kò túmọ̀ sí pé ọkàn kò fara pa rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà tó máa lo èsì náà mọ̀.

Ta ni ọmọ tára rẹ̀ dá?

Ibí yìí gan-an ni kẹ́ ẹ ti jókòó pẹ́. Ẹ kọ ìlànà yíyàn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ déètì sí i. Lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde, kò sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ yọ ọmọ kan kúrò nítorí pé iye rẹ̀ ga. Ẹ lè yọ ọ́ nítorí pé ẹ rí àìsàn kan tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iye gíga fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bẹ́ ẹ bá ń gé orí gbogbo iye tó ga, gbèdéke yín á wálẹ̀, àwọn ọmọ aláìlẹ́ṣẹ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ìlànà tó bójú mu lè rí báyìí. Ní ti ìyá: oyún ọmọ kan, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò ní àtọ̀gbẹ, ì báà jẹ́ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ tàbí èyí tó bá oyún wá, kò ní àrùn kíndìnrín, kò ní ibà tàbí àmì pé kòkòrò ti wọ inú ilé ọmọ, wọn kò sì fún un ní oògùn tó ń mú ọkàn sáré láti fi dá ìrọbí dúró. Ní ti ọmọ: ó pé ọ̀sẹ̀ 37 kò sì kọjá 41, ìwọ̀n rẹ̀ bá ọ̀sẹ̀ rẹ̀ mu, kò yàgbẹ́ sínú omi oyún, Apgar rẹ̀ (máàkì tí wọ́n ń fún ọmọ lẹ́yìn ìbí, láti 0 dé 10) jẹ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, pH (ìwọ̀n bó ṣe kan tó) ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ara rẹ̀ kò lọ sísàlẹ̀ ju 7.20, wọn kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe.

Apgar nìkan kò tó. Virginia Apgar gbé e jáde ní 1953 kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́. Kò ṣe é láti fi wá àrùn ọkàn. Ọmọ tí ihò wà nínú ọkàn rẹ̀ lè gba 9. Nítorí náà ẹ má ka ọmọ kankan sí ẹni tára rẹ̀ dá títí wọn yóò fi wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn wákàtí 24. Bí méjèèjì bá pé 95% ó kéré tán, tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ju 3 lọ, ó yege. Bẹ́ ẹ bá tún lè rí ọmọ náà nígbà tó bá pé oṣù kan, ẹ ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú fírísà, kò sí ohun tó ń lé yín.

Ọ̀rọ̀ òru náà wà ńbẹ̀, kò sì hàn sójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni òṣìṣẹ́ yín ń gba ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé lọ́jọ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ló máa pọ̀ jù nínú ìwé yín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má rí ìrọbí rárá, bẹ́ẹ̀ ìrọbí wà lára ohun tó lè yí àwọn iye yìí padà. Ẹ kọ́ àwọn agbẹ̀bí tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ pẹ̀lú, kẹ́ ẹ sì fi àpótí tí gbogbo nǹkan pé sínú rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ọmọ mélòó? 120 ni CLSI ní ó kéré jù fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 120 o. Ẹ̀jẹ̀ òmíràn á dì, òmíràn á fọ́, ọmọ mìíràn á kùnà ìlànà lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹ fi bí ìdajì kún un.

Ìyọ̀ǹda

Ẹ bá ìyá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wá sí kíníkì aboyún. Obìnrin tí ìrọbí ti mú kò sí nípò ẹni tó ń ronú sí ìwé. Ẹ ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ kò ní kan ọmọ rẹ̀, pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé okùn ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ tí wọn ì bá dà nù, àti pé ó lè sọ pé òun kò ṣe mọ́ nígbàkigbà. Ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó máa pè é bí nǹkan kan bá hàn.

Gbígba ẹ̀jẹ̀

Ìtọ́jú ọmọ ló ṣáájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má tètè há okùn kó tó pé ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìbí, kò sì sí ìwádìí tó yẹ kó yí èyí padà. Ẹ dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù á tó yín.

Tí agbẹ̀bí bá ti há okùn, tó sì ti gé e, kó tún há apá tó wà lára ibi ọmọ ní ojú méjì, kí àárín wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí ogún. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wà nínú apá tí wọ́n há yìí. Ẹ gbé e sórí aṣọ mímọ́, ẹ fi gọ́ọ̀sì nu ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ ìyá má bàa bá a lọ. Ẹ má fọwọ́ fún un. Bẹ́ ẹ bá fún okùn bí ẹni ń fún ọmú màlúù, sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́, omi yíyọ̀ tó yí àwọn iṣan ká á sì dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé: ihò mẹ́ta lẹ máa rí. Èyí tó gbòòrò, tí ògiri rẹ̀ rọ̀, ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ibi ọmọ lọ sára ọmọ. Àwọn méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ògiri wọn nípọn, tí wọ́n sì sábà máa ń lọ́ mọ́ èyí tó gbòòrò, ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ti ara ọmọ bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ló súnmọ́ ohun tó ń lọ lára ọmọ jù, òun náà sì ni pH tẹ́ ẹ máa fi yan ọmọ gbọ́dọ̀ ti wá. Iṣan gbòòrò rọrùn láti gbà, ó sì ń fún yín ní ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú fún àmì ọkàn, ẹ dúró lórí rẹ̀ títí dé òpin, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sórí túùbù. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kàn jẹ́ kó dà láti ojú okùn sínú ìgò jẹ́ àdàlù, gbèdéke tó bá sì tinú rẹ̀ jáde kò ní ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn.

Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. Nígbà tí iṣan gbòòrò ṣì kún, ó ń gbé àwọn méjì yòókù dúró. Bẹ́ ẹ bá ti fa tirẹ̀ tán, wọ́n á rọ jọ, abẹ́rẹ́ ò sì ní rí wọn mọ́. Ẹ fi abẹ́rẹ́ 21G tàbí 23G wọlé ní ẹ̀gbẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Fífà líle wà lára ohun tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì jù. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu sìríńjì kẹ́ ẹ tó da ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù, ẹ má sì fi agbára tì í.

Ẹ̀jẹ̀ mélòó ni kẹ́ ẹ gbà? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ki. Sẹ́ẹ̀lì pupa lè gba bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú mílílítà méjì, ẹ máa ṣoríire bẹ́ ẹ bá rí omi ẹ̀jẹ̀ tó pé mílílítà kan. Ẹ gba mílílítà mẹ́ta sí márùn-ún bó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ lè rí èyí tẹ́ ẹ máa fi pamọ́.

Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ wákàtí tí wọ́n há okùn, wákàtí tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, bí ọmọ ṣe wáyé, bóyá ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀, oògùn tí ìyá gbà, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìwọ̀n àti iye ọ̀sẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ ni kó kọ ọ́, lójú ẹsẹ̀.

Láàbù

Irú túùbù tí ìwé ẹ̀rọ yín bá sọ ni kẹ́ ẹ lò, ọ̀kan ṣoṣo, láti ọmọ àkọ́kọ́ dé ọmọ ìkẹyìn. Lithium heparin, túùbù tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wù mí ju èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti ní láti dì lọ, nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì dì tán kẹ́ ẹ tó fi í sínú centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kí sẹ́ẹ̀lì lè ya kúrò lára omi rẹ̀), fọ́nrán fibrin tín-ín-rín, ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, lè kù nínú rẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀rọ ka troponin tí kò sí. Bí iye kan bá ga lódìlódì, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ náà yí, kẹ́ ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ti ọmọ ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ yí i láàárín wákàtí kan sí méjì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní 1,500 sí 2,000 g (agbára ìyípo ni g yìí, kì í ṣe gíráàmù). Ẹ wò ó lójú iná: bó bá pupa bí omi zobo, ó ti fọ́. Ẹ má gbára lé ojú nìkan ṣá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn ìpupa náà, kẹ́ ẹ sì ti pinnu tẹ́lẹ̀ iye tí ẹ máa kọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ máa ń fa troponin T wálẹ̀ lórí ẹ̀rọ Roche, ó sì lè gbé troponin I sókè lórí ẹ̀rọ mìíràn, nítorí náà kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fojú bu àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ pín in sínú túùbù kéékèèké mẹ́ta ó kéré tán, kẹ́ ẹ gbé e sí -80 °C. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí túùbù kọ̀ọ̀kan yọ́. Bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ bá ti pé, ẹ kà wọ́n pẹ̀lú èròjà tí nọ́ńbà ìpèsè rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ka ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò ìdánilójú lójoojúmọ́, ní iye tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ìṣirò

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ iye kó jọ sápá òsì, ìrù gígùn kan sì nà lọ sápá ọ̀tún. Àárín gbùngbùn pẹ̀lú SD (òṣùwọ̀n bí àwọn iye ṣe fọ́n ká) méjì sókè sódò kò bá irú àwòrán yìí mu. Nígbà mìíràn ó máa fún yín ní gbèdéke ìsàlẹ̀ tó kéré ju òdo lọ, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wá iye tó dá dúró. Ọ̀nà Dixon rọrùn: ẹ mú àlàfo tó wà láàárín iye tó ga jù àti èyí tó tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ fi àlàfo gbogbo iye pín in. Bó bá pé ìdá kan nínú mẹ́ta, ó dá dúró. Ṣùgbọ́n ẹ fi logarithm yí àwọn iye náà padà ná. Ká ní 92 ló ga jù, 61 ló tẹ̀ lé e, 8 ló kéré jù. Láìlo logarithm, 31 nínú 84 jẹ́ 0.37, ẹ máa yọ ọmọ náà dànù. Pẹ̀lú logarithm, ó di 0.17, ọmọ yín dúró. Ìrù gígùn yẹn jẹ́ ìṣẹ̀dá wọn, kì í ṣe àṣìṣe.

Gbèdéke gan-an kò nira. Ẹ to gbogbo iye láti kékeré sí ńlá. Fún ọmọ 120, 0.025 lọ́nà 121 jẹ́ 3, 0.975 lọ́nà 121 jẹ́ 118. Iye tó wà nípò kẹta àti èyí tó wà nípò 118 ni gbèdéke ìsàlẹ̀ àti tòkè. Àlàfo ìdánilójú 90% fún tìsàlẹ̀ wà láàárín ipò 1 àti 7, tòkè láàárín 114 àti 120. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú gbèdéke. Ẹni tó bá rí bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó kò ní máa bá nọ́ńbà kan ṣoṣo jà.

Fún troponin, wọ́n tún máa ń béèrè ibi tí ọmọ 99 nínú 100 kò kọjá. Pẹ̀lú ọmọ 120, ipò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 120, ìyẹn ni pé ọmọ kan ṣoṣo ló ń pinnu gbèdéke fún gbogbo ayé. Ẹ má gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ jáde. Bẹ́ ẹ bá ní 300, ipò 298 ni, ó ti ṣeé gbà díẹ̀.

Iye tó kéré ju èyí tí ẹ̀rọ lè rí lọ, ẹ má kọ òdo síbẹ̀, ẹ má sì yọ ọ́. Ó ní ipò tirẹ̀ nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Bí ipò kẹta bá bọ́ sáàárín wọn, ẹ kọ gbèdéke ìsàlẹ̀ pé “ó kéré ju ohun tí ẹ̀rọ lè rí”.

Ṣé kí ẹ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, tàbí ìbí lójú ara kúrò lára iṣẹ́ abẹ? P (bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ìyàtọ̀ náà jẹ́ èèṣì) tó kéré ju 0.05 kò tó fún ìyẹn, nítorí pé bí ọmọ bá ti pọ̀, ìyàtọ̀ tí kò wúlò fún dókítà kankan á máa hàn. Ọ̀nà Harris àti Boyd ni kẹ́ ẹ lò: ẹ ṣírò z, ìyẹn bí àárín gbùngbùn ìpín méjèèjì ṣe jìnnà síra tó, lórí logarithm, kẹ́ ẹ fi wé 3 lọ́nà gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì àpapọ̀ ọmọ tí a fi 240 pín. Fún 130 àti 130, ó jẹ́ bíi 3.1. Bí z yín bá kọjá rẹ̀, ẹ yà wọ́n. Bí SD ọ̀kan bá ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po 1.5, ẹ yà wọ́n pẹ̀lú. Ìpín kọ̀ọ̀kan á sì tún nílò 120 tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sórí èsì

Orúkọ ẹ̀rọ, irú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ti wá, irú túùbù, iye ọ̀sẹ̀, iye ọmọ, gbèdéke méjèèjì pẹ̀lú àlàfo wọn, ní ng/L. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ̀jẹ̀ okùn nìkan ló wà fún. NT-proBNP máa ń gòkè sí i ní ọjọ́ kìíní sí ìkejì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Dókítà tó bá fi gbèdéke okùn wo ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ ọlọ́jọ́ méjì máa dáyà já ìyá ọmọ lásán.

Ẹ má sì da àwọn túùbù tó kù nínú fírísà nù. Bí ilé iṣẹ́ bá yí èròjà padà, tàbí tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ tuntun, ogún nínú wọn lẹ máa fi mọ̀ bóyá gbèdéke yín ṣì dúró, láìní padà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí.